Fóònù Tí Kò Mọ Ìbàdàn

Orí Yésúfù le. Mo ti sọ ọ́ lójú rẹ̀, mo sì lè sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, nítorí láti ìgbà ọ̀dọ́ ni àwa méjèèjì ti jọ ń rán fìlà ní ojúde kan náà ní Bẹyẹrúnkà. Bí fìlà bá fún oníbàárà lórí, Yésúfù kì í gbà pé òun ló gé e kéré. Yóò wo ọkùnrin náà láti òkè délẹ̀, yóò ní, "Alhaji, ó jọ pé ẹ ti sanra láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Oníbàárà á fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ wò, á sì gbé fìlà rẹ̀ lọ. Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ni. Bó bá ti la ẹnu sọ pé báyìí ni, báyìí náà ni yóò máa jẹ́, bí ilé ń wó.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Sìdíkátù, tí gbogbo wa ń pè ní Sìdí. Ìyá Sìdí ti kú. Nígbà tó kú, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀n ni, àwọn àgbà ilé sì ní ká má tíì jẹ́ kó gbọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ti í ṣe é nílẹ̀ wa. Òkè Bọ́lá ló ń pè sí nígbà náà, ní ilé àbúrò ìyá rẹ̀ kan tó ti kó lọ sí Kàdúná báyìí. Bó bá pè, wọ́n á ní ìyá rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí Ìṣẹ́yìn. Bó tún pè, wọ́n á ní kò tíì dé. "Fọkàn balẹ̀ o jàre, tọ́jú ara rẹ," wọ́n á sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí ìgbà téèyàn ń rẹ ọmọ sùn. Kí òótọ́ tó dé etí rẹ̀, wọ́n ti ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tán. Sìdí sunkún títí, ó sì bá wa jà. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá tún sọ fún òun pé ẹnì kan rìnrìn àjò, òun ti mọ ibi tẹ́ni náà lọ.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kò sí ẹlòmíì tó ṣẹ́ kù fún ọmọ náà nílé ju bàbá rẹ̀ lọ.

Sìdí wá ọmọ títí, ojú rẹ̀ rí tó. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ń dùn ún, Yésúfù á ní, "Yóò dé. Bó bá dé, ẹnu mi ni yóò kọ́kọ́ gbọ́." Nínú agbo ilé tiwọn, àgbà ilé ló ń pe ìrun sí ọmọ létí lọ́jọ́ ìkómọ, òun náà ló ń sọ orúkọ sí i létí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́, àní ìyá tó bí i. Wọn kì í sì í fi orúkọ náà ránṣẹ́. Wọ́n ní orúkọ téèyàn bá fi rán ẹlòmíì, ó ti dé etí àjèjì kó tó dé etí ọlọ́mọ. Kò sì sí bí Yésúfù ṣe lè dé Lọ́ńdọ̀n. Sìdí ló wá ronú kan ọgbọ́n: lọ́jọ́ ìkómọ, òun á pe bàbá òun, òun á gbé tẹlifóònù sí ọmọ létí, bàbá á sì ṣe é láti Ìbàdàn bí ẹni pé wọ́n jọ wà ní yàrá kan. Nígbà tí Yésúfù gbọ́ èyí, ẹ̀rín ò kúrò lójú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ó rọra sọ orúkọ tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi, lẹ́yìn tó ti mú mi búra tán: Mùfútáù, orúkọ bàbá tó bí i.

Ilé ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí ní Kúdẹtì ni Sìdí wá ń pè sí ní gbogbo àkókò náà. Akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni Adéyẹ́misí, èèyàn jẹ́jẹ́. Tẹlifóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì kékeré ní pálọ̀, wọ́n da aṣọ funfun bò ó, wọ́n sì fi àgádágodo kékeré kan há a lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ ilé má baà máa yí nọ́ńbà. Ìpè tó bá ń bọ̀ nìkan ló ń wọlé. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, Yésúfù á dé fìlà tó dára jù nínú èyí tó rán, á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kúdẹtì, á fìdí lé etí àga, á máa retí kí ẹ̀rọ náà dún.

Lọ́jọ́ Sunday kan, òjò rọ̀, Yésúfù sì fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì wọn. Ìyàwó Adéyẹ́misí, Ìyá Morádéyọ̀, obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú sínú òun, bá pariwo níṣojú àlejò:

"Háà, Bàbá Sìdí, ẹ wo ẹsẹ̀ yín! Ṣé gáréèjì nilé yìí?"

Adéyẹ́misí bojú mọ́ ìwé ìròyìn. Yésúfù padà sẹ́nu ọ̀nà, ó nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba ìpè rẹ̀ tán, ó sì bọ̀ wá sílé. Ọjọ́ náà gan-an ni Sìdí sọ fún un pé ọmọ náà dábùú nínú, pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbé e, àti pé dókítà ti dá ọjọ́. Bí a ṣe mọ ọjọ́ ìbí nìyẹn, tí a sì ka ọjọ́ ìkómọ mọ́ ọn: ọjọ́ Sátidé ló bọ́ sí.

Ẹ̀gàn ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ yẹn ṣì wà nínú Yésúfù nígbà tí Rachel dé. Nọ́ọ̀sì ni Rachel, ọmọ Òkè Bọ́lá ni, àdúgbò kan náà lòun àti Sìdí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n. Ó wá sin bàbá rẹ̀ ni, Sìdí sì fi nǹkan kan rán an. Ó kúnlẹ̀ kí wa lójúde, ó yọ páálí kékeré kan nínú báàgì, ó ní, "Bàbá, Sìdí ní ẹ ò ní lọ jókòó sílé onílé mọ́. Fóònù yín rèé. Níbi táwa wà, ibi yòówù téèyàn bá gbé e dé, ó ń dún."

Ọdún 1998 nìyẹn. A ò rí irú rẹ̀ rí. Ó dúdú, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ní ọ̀pá kékeré kan lórí. Bí Yésúfù ti tẹ bọ́tìnnì, iná àwọ̀ ewé tàn lójú rẹ̀, gbogbo ojúde kígbe. Èmi náà kígbe, irọ́ ò sí níbẹ̀. Rachel ní Sìdí ní nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́, pé kí bàbá má yọ ara wọn lẹ́nu, kí wọ́n ṣáà máa gba iná sí i, kí wọ́n sì máa tan án sílẹ̀.

Inú mi dùn, àfi ìgbà tí Yésúfù dìde tó ní ká máa lọ sí Kúdẹtì.

"Kí la fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ dúpẹ́."

Ọpẹ́ kọ́ ló lọ dá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó kọ̀, kò wọlé. Ó gbé fóònù náà sókè kí Ìyá Morádéyọ̀ lè rí i dáadáa. "Ẹ kú ìnáwó ìpè wa láti ọjọ́ yìí," ó ní. "Láti òní lọ, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí síbí, ẹ má gbà á. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti ní tèmi."

"Ẹ má bínú, Bàbá Sìdí," ni Adéyẹ́misí ń wí láti inú ilé, ṣùgbọ́n Ìyá Morádéyọ̀ ti dáhùn: "A ti gbọ́, sà. A ò ní gbà á mọ́." Ní ọ̀nà, mo bi Yésúfù bóyá ara tù ú. Ó ní ó tù ú gan-an. Ó sì sọ fún Rachel, kó tó padà, pé kó kìlọ̀ fún Sìdí kó má pe Kúdẹtì mọ́.

Rachel padà sí Lọ́ńdọ̀n. Fóònù ò dún.

Ọjọ́ Sunday kọjá, kò dún. Ọjọ́ tí dókítà dá pé, a ò ṣiṣẹ́ kankan lójúde lọ́jọ́ náà, a gbé fóònù sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, a ń wò ó. Kò dún. A ò mọ̀ bóyá Sìdí bí láyọ̀, a ò mọ̀ bóyá ọmọ yè. A ò lè pè é, torí òun ló máa ń pè wá, àwa ò ní nọ́ńbà rẹ̀ rí. Yésúfù ò jẹun. Inú ń bí mi sí fóònù náà bí ẹni pé èèyàn ni.

Mo fà á lọ sọ́dọ̀ Gabriel tó ń tún rédíò ṣe ní Bẹẹrẹ. Gabriel wo ojú fóònù náà, ó ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé kò sí iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú òyìnbó ló mọ̀. Irú òpó tí í gbé ìpè rẹ̀ ò sí n'Íbàdàn, bóyá ni ò fi jẹ́ gbogbo Nàìjíríà. Bí ẹ bá tàn án títí di ọdún tó ń bọ̀, kò ní dún."

"Rédíò tí mo rà bọ̀ láti Mẹ́kà ńkọ́?" ni Yésúfù bi í.

"Kí ló ṣe é?"

"Ṣé kì í gba Ìbàdàn ni?"

"Ó ń gbà á, ṣùgbọ́n rédíò yàtọ̀, Bàbá…"

"Tẹlifísàn tí wọ́n bá kó wọ̀lú láti Lọ́ńdọ̀n ńkọ́? Ṣé òyìnbó nìkan là ń rí nínú ẹ̀?"

Gabriel fọwọ́ họ orí. Èmi náà, kí n má parọ́, rò ó pé Yésúfù sọ̀rọ̀ gidi. Ta ni ò mọ̀ pé bí tẹlifísàn ò bá mú sítéṣọ̀n, òkè ni wọ́n ń gbé eríálì lọ? Wọ́n á so ó mọ́ ọparun, wọ́n á gbé e gun orí páànù, ẹnì kan á máa yí i, ẹnì kan á máa pariwo láti inú ilé pé, "Ó ti mú! Ó ti lọ!" Yésúfù ní kò sí nǹkan tó ṣe fóònù. Bẹyẹrúnkà ló wà nínú kòtò.

Bí ìyà wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kọ́kọ́ gun Òkè Màpó. Àgbàlagbà méjì, a dúró sórí àtẹ̀gùn níwájú gbọ̀ngàn ńlá yẹn, Yésúfù na fóònù sókè, ó ń yí kiri díẹ̀díẹ̀, ó kọjú sí Ọjà'ba, ó kọjú sí Bẹẹrẹ. Àwọn èèyàn dúró wò wá. Obìnrin kan tó ru igbá ọsàn bi mí bóyá àwòrán ló ń yà. Ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀ wá lé wa, ó ní àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó fẹ́ wọlé. Ní ọjọ́ kejì a tún padà. Èékún mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún kí fóònù tó dún.

"Yésúfù, jẹ́ ká lọ bẹ Adéyẹ́misí," ni mo wí.

"Kí n lọ kó ẹrẹ̀ bá wọn nílé?"

"Ọmọ rẹ ńkọ́?"

"Ọmọ mi mọ nọ́ńbà mi. Màpó ò ga tó ni."

Ní àárọ̀ Sátidé tí í ṣe ọjọ́ ìkómọ, ó wẹ̀, ó ṣe àlùwàlá, ó wọ agbádá funfun, ó dé fìlà tuntun. Ó ní Òkè Ààrẹ là ń lọ, níbi ilé gogoro. Kò sí ibi tó ga jùyẹn ní gbogbo Ìbàdàn. Mo ń bú u lọ lọ́nà, mo sì ń tẹ̀ lé e, torí mi ò lè jẹ́ kó dá nìkan lọ jábọ́. A gun àkàbà inú ilé gogoro náà, ó ń yí, ó ń yí, títí a fi yọ sókè. Gbogbo Ìbàdàn wà lábẹ́ wa, páànù tó ti dípẹtà títí tí ojú ò fi ríran mọ́. Yésúfù mú fóònù dání bí ẹni mú ẹyin. Ó wú ikọ́, ó ń tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ó rọra pe ìrun díẹ̀ lẹ́nu, láti fi dán ara rẹ̀ wò. Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ yẹn, mi ò lè bú u mọ́.

Oòrùn ga. Àkókò tí Sìdí fi Rachel sọ pé òun á pè kọjá. Iná tó wà lójú fóònù ṣẹ́jú, ó kú pátápátá, bátìrì ti tán. Yésúfù tẹ bọ́tìnnì, ó tún un tẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n. Ó fi lu àtẹ́lẹwọ́.

"Ó tó gẹ́ẹ́!" ni mo pariwo. "O ti fi fìlà dá gbogbo ayé lẹ́bi, fóònù yìí ò ní sanra fún ẹ! Ọmọ rẹ ń jókòó ti ọmọ tuntun níbi tó wà, ó ń retí ẹnu rẹ. Ṣé kápẹ́ẹ̀tì Ìyá Morádéyọ̀ lo máa gbé wọ sàréè ni?"

Yésúfù ki fóònù bọ àpò agbádá, ó sì yí sí ibi àkàbà.

Ìyá Morádéyọ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wa ní Kúdẹtì. Bó ti rí Yésúfù, ó gbá àyà mú. "Bàbá Sìdí! Ọmọ yín ò jẹ́ ká sinmi! Láti ọjọ́ tó ti bímọ ló ti ń pè, ọkùnrin ló bí. Ó ní nọ́ńbà tó fún yín ò lọ."

Yésúfù di òpó ilẹ̀kùn mú. "Kí ló dé tí ẹ ò ránṣẹ́ sí mi?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ká má gbà á mọ́. Ohun tẹ́ ẹ wí ni mo wí fún un, pé kó má pe ibí mọ́ ní tìtorí bàbá rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Bàbá Morádéyọ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi."

Adéyẹ́misí jáde síta. Ojú ń tì í. "Mi ò lè sọ fún obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la níkùn pé bàbá rẹ̀ àti àwa jà," ó ní. "Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì ti jọ ń sọ̀rọ̀ lórí tiyín, pé ó kàn ṣòro díẹ̀ ni. Mo fi pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Mo ní bàbá rìnrìn àjò ni. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, kó tọ́jú ọmọ."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n jókòó. Adéyẹ́misí ò mọ̀ nípa Ìṣẹ́yìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irọ́ tí gbogbo wa mọ̀ ló pa, irọ́ oore. Mo wo Yésúfù.

"Ó ní òun á tún pè lónìí, lẹ́yìn ìkómọ," ni Adéyẹ́misí wí. "Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tóun fẹ́ kí n sọ fún òun ní òótọ́."

A dúró. Ìyá Morádéyọ̀ gbé omi wá, ẹnikẹ́ni ò mu ún. Yésúfù dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú bàtà rẹ̀, obìnrin náà ò sì wo ibẹ̀. Nígbà tí tẹlifóònù dún, gbogbo wa ta gìrì. Adéyẹ́misí gbé e.

"Sìdí, ìròyìn ayọ̀ ni. Bàbá ti dé."

Ohùn ọmọ náà jáde débi tí mo jókòó sí, ó gbẹ, kò sí omijé nínú rẹ̀ mọ́. "Wọ́n ti dé láti Ìṣẹ́yìn?"

"Ìṣẹ́yìn kẹ̀?" ni Adéyẹ́misí wí. Yésúfù já tẹlifóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sìdí, èmi ni."

"Bàbá Sàláúdéènì," ó ń pe orúkọ tèmi, "mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ohùn bàbá mi bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ wo lẹ sin wọ́n? Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ mọ̀."

"Àbẹ̀ní," ni Yésúfù wí, oríkì Sìdí nìyẹn. "Àbẹ̀ní mi. Nígbà tí abẹ́rẹ́ gún ọ lẹ́sẹ̀ lójúde, kí lo ní kí n ṣe?"

Sìdí ò gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

"O ní kí n na abẹ́rẹ́ náà. Mo mú pàṣán, mo nà án. Sàláúdéènì ti lọ sí Ọjà'ba lọ́jọ́ náà. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀."

Igbe tí Sìdí ké, Ìyá Morádéyọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Sìdí ń wí pé, "Bàbá, Bàbá," bẹ́ẹ̀ ṣáá.

"Ó tó, ó tó," ni Yésúfù ń wí. "Gbé ọmọ wá. Mo ti ṣe àlùwàlá. Mo ti múra láti àárọ̀."

"Wọ́n ti ṣe é, Bàbá," ó ní. "Ààfáà ti pe ìrun sí i létí. Wọ́n bi mí léèrè orúkọ tí bàbá mi fún un, mi ò ní. Mo ní… mo rò pé…"

"Kí lẹ pè é?"

"Yésúfù," ó ní. "Yésúfù Babátúndé."

Àwa tó wà ní pálọ̀ náà gbọ́ ọ. Adéyẹ́misí fọwọ́ bojú. Orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tí bàbá àgbà rẹ̀ ti kú ni wọ́n sọ ọmọ náà, níṣojú èèyàn, ààfáà sì ti ṣe àdúà lé e. Kò sí ẹni tó lè kó o padà sẹ́nu. Yésúfù dúró pẹ̀lú agbádá funfun, fóònù Lọ́ńdọ̀n tó ti kú sì wà nínú àpò rẹ̀. Mo rí i tí ètè rẹ̀ mú orúkọ Mùfútáù, tó sì gbé e mì.

"Gbé tẹlifóònù sí i létí," ó ní.

A gbọ́ bí wọ́n ti ń gbé e. A gbọ́ ọmọ náà tó ń mí, bí ológbò kékeré. Yésúfù ò pe ìrun mọ́, wọ́n ti pè é. Kò sọ orúkọ kankan. Ó fẹnu mọ́ tẹlifóònù náà pẹ́kípẹ́kí.

"Èmi ni bàbá," ó ní. "Mi ò tíì lọ síbì kankan."

Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀ sí i, bí ẹni pé orí Òkè Ààrẹ ló ṣì wà.